Fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe pátákó ìpolówó iléèwé

Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ń wá iléèwé tó máa fi ọmọ ẹ̀ sí ní Sùúrùlérè, ló bá wọ ojú Facebook iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó rí ọmọbìnrin kan nínú yúnifọ́ọ̀mù, kéèkì wà níwájú ẹ̀, orúkọ ẹ̀ àti ti bàbá ẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò, kíláàsì ẹ̀ wà ńbẹ̀, wọ́n ní ó pé ọdún méje lónìí. Ìyá ọmọ dúpẹ́ nísàlẹ̀, ẹ bá tẹ orúkọ ìyá báyìí, ilé wọn ló yọ sí yín, géètì dúdú, nọ́ńbà ilé gàdàgbà lára ògiri. Kí ló wá kù? Ó ku kí ẹnì kan lọ dúró síwájú iléèwé yẹn ní aago méjì ọ̀sán, kó pe ọmọ lórúkọ, kó ní mọ́mì ẹ̀ ló rán òun wá mú un.

Ohun tá à ń sọ ò le: kí iléèwé kankan l'Ékòó má gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ síta mọ́ àfi tí òbí bá fọwọ́ sí i. Kì í ṣe gbólóhùn kan tí wọ́n há sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé tẹ́nì kankan ò kà o, ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀, òbí tó bá sì kọ̀, kí wọ́n má fojú burúkú wo ọmọ ẹ̀. Ṣebí òfin wà ńlẹ̀. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2023 ní tó bá jẹ́ ọmọdé, ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí wọ́n ti gba àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, tí Èkó sọ di tiẹ̀ ní 2007, ní ọmọdé náà ní àṣírí tó yẹ ká bò.

Àwọn tó ni iléèwé á ní ìpolówó làwọn ń ṣe, ọjà ò yá. A gbọ́. Ẹ ya kíláàsì tó mọ́, ẹ ya láàbù tẹ́ ẹ bá ní in lóòótọ́, ẹ ya àwọn ọmọ látẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń nawọ́ sókè, ta ló di yín lọ́wọ́?

Àmọ́ ká má parọ́, àwa òbí gan-an la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ dán an wò lójú ìyá àgbà kẹ́ ẹ gbọ́ èébú. Obìnrin mélòó ló fi oyún pamọ́ fún gbogbo ayé, kò sọ fún ọ̀rẹ́, kò yà á ní fọ́tò, tó wá jẹ́ pé ọjọ́ kẹjọ báyìí, ojú ọmọ, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ ọsibítù, gbogbo ẹ̀ ti wà lórí status? Orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí ẹ̀ yẹn náà la tún fi ṣe password íméèlì o. Facebook fúnra wọn ní ọmọ tí ò tó ọdún 13 ò gbọdọ̀ ní ákáǹtì, àwa la ń bá wọn ṣí i, a ń fi ọjọ́ ìbí parọ́.

Láptọ́ọ̀pù ilé ńkọ́? Ẹyọ kan ni gbogbo ilé ń lò ní ọ̀pọ̀ fúláàtì ní Yábà àti Múṣin, dádì fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ fi ń wa géèmù tí ò mọ ibi tó ti wá, password báńkì sì ti wà nínú ẹ̀ torí ẹnì kan ti tẹ «save» nígbà kan. Ẹ ṣí ákáǹtì tọmọ lọ́tọ̀, ẹ má fún un ní password tẹ́ ẹ fi ń kó nǹkan tuntun wọnú ẹ̀, pálọ̀ ni kó sì wà, kì í ṣe yàrá. Tó bá bàjẹ́ tó ń lọ Computer Village n'Íkẹjà, ẹ kó fọ́tò àwọn ọmọ kúrò nínú ẹ̀ kó tó jáde nílé jàre.

Ní ti iléèwé, ọwọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ló wà, kí wọ́n pàṣẹ ẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé.

A pe iléèwé tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Wọ́n fèsì tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, wọ́n ní àwọn á yọ ọ́. Títí tá a fi ń kọ èyí, kéèkì yẹn ṣì wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń kí ọmọ kú ọjọ́ ìbí lábẹ́ ẹ̀.