Àtúnṣe: PCR kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé ológbò kò ní Bartonella

Wọ́n ń pín in kiri pé bí PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò, kò bá rí Bartonella henselae, kòkòrò tí èékánná ológbò ń kó ran èèyàn, ara ológbò náà mọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà ń wá, ó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà mìíràn ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè rí.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ológbò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, sínú ìgò EDTA (èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), kí oògùn apakòkòrò tó wọ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo ìgò heparin, èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ń dí PCR lọ́wọ́. Kí ilé àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú BAPGM, omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ Bartonella dàgbà, fún ọjọ́ 7 sí 14, kí kòkòrò lè pọ̀ sí i, kí wọ́n tó tún PCR ṣe. Àyẹ̀wò antibody (èròjà tí ara ń ṣe láti bá kòkòrò jà) nìkan náà ń tanni: ológbò tí kò ní antibody lè gbé kòkòrò náà sínú ẹ̀jẹ̀.