Kòkòrò Búburú Tí Ará Ilé Wa Ń Jẹ

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé ẹni tó jẹ kòkòrò nìkan ni yóò jìyà. Wọ́n ní àwa tí a kò fẹnu kàn án náà kò ní rí oorun sùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdíje àdó olóró tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì, ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, rí. Ní 1949 ni Sófíẹ́tì dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tirẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Semipalatinsk, ní ilẹ̀ Kazakhstan. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá ṣe ọ̀kan, èkejì á ṣe méjì, títí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn fi ju 60,000 lọ láàárín àwọn ọdún 1980. Wọn kò ju ẹyọ kan lu ara wọn, síbẹ̀ ó pa èèyàn, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ ni wọ́n ń dán an wò, ibi ìdánwò kì í sì í sún mọ́ ilé àwọn tó pàṣẹ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1954, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù háídírójìn kan tí wọ́n ń pè ní Castle Bravo ní Bikini, ní Erékùṣù Marshall nínú Òkun Pàsífíìkì. Mẹ́gátọ́ọ̀nù 6 ni wọ́n ṣírò pé agbára rẹ̀ máa jẹ́ (ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ohun abúgbàmù TNT), 15 ló jáde, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 1,000 agbára èyí tó run Hiroshima. Lithium, èròjà tó wà nínú epo bọ́ǹbù náà, ló fa àṣìṣe náà. Oríṣi méjì rẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀, lithium-6 sì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n rò pé lithium-7, tó pọ̀ jù nínú àdàlù náà, yóò kàn jókòó lásán ni. Nígbà tí neutron, ẹ̀yà bíńtín inú átọ́ọ̀mù, kọlù ú, ó fọ́, ó bí tritium, oríṣi háídírójìn tó ń mú bọ́ǹbù náà jó, iná sì tún bọ́ sórí iná. Nítorí pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti yìn ín, ó fa òkúta iyùn sókè, ó lọ̀ ọ́ kúnná, oró lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ síhà ìlà-oòrùn. Eérú funfun bọ́ sórí Rongelap, erékùṣù míì níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Ó tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò. Awọ ara wọn bó, irun wọn já. Ní 1957 wọ́n sọ fún wọn pé kò séwu mọ́, kí wọ́n padà sílé. Ní 1985 àwọn fúnra wọn kó kúrò.

Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ apẹja Japan kan, Daigo Fukuryu Maru, tí èèyàn 23 wà nínú rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Yaizu ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1954 yẹn pẹ̀lú eérú lára. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Aikichi Kuboyama, tó ń bójú tó rédíò ọkọ̀ náà, kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Èyí tí ojú kò rí ló rin ìrìn tó jìnnà jù. Iodine-131, ọ̀kan nínú oró tí bọ́ǹbù ń tú jáde, á bọ́ sórí koríko, màlúù á jẹ ẹ́, á bọ́ sínú wàrà láàárín ọjọ́ díẹ̀, á sì lọ dì sí ọ̀fun ọmọ tó mu ún, níbi tí jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 8-8 ni ìlàjì rẹ̀ ń pòórá, ìdí nìyẹn tí wàrà tútù fi léwu ju èyí tí wọ́n sọ di ìyẹ̀fun tí wọ́n sì tọ́jú fún oṣù mẹ́ta lọ. Oró mìíràn, strontium-90, ní tirẹ̀ kì í tètè lọ. Nǹkan bí ọdún 29 ni ìlàjì rẹ̀ ń gbà, ara sì máa ń ṣì í mú fún kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, á kó o sínú egungun àti eyín.

Eyín ọmọ yìí ni àwọn ìyá kan fi sọ̀rọ̀. Láti 1958, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, àwọn aráàlú àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí dókítà Louise Reiss ń darí iṣẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gba eyín àkọ́kọ́ tó bá ká lẹ́nu ọmọ. Ìyá á kọ ọjọ́ tí a bí ọmọ, ibi tí òun ń gbé nígbà tó lóyún, àti bóyá ọmú ni ọmọ mu tàbí wàrà inú ìgò. Inú oyún ni eyín yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì wọ inú rẹ̀ nígbà náà kì í kúrò. Eyín tí wọ́n kó jọ lé ní 300,000. Àbájáde tó jáde ní 1961 fi hàn pé bí ìdánwò ṣe ń pọ̀ ni strontium-90 ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ. Mo gbà pé ìjọba lè bá ẹni tó ń pariwo jiyàn títí, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó já eyín ọmọ ní koro. Ní oṣù Kẹjọ 1963, Amẹ́ríkà, Sófíẹ́tì àti Britain tọwọ́ bọ̀wé ní Moscow pé àwọn kò ní í dán an wò mọ́ ní ojú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi tàbí ní gbalasa òfuurufú. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kó o lọ.

Àwa náà ti sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí Faransé bá wọn wọ ìdíje náà, Reggane ní aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti yin tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì 1960, láti aṣálẹ̀ yẹn sì ni eruku ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Lẹ́yìn ìdánwò kẹta, ní oṣù Kìíní 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà. Faransé kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ó wọ abẹ́ òkè lọ ní In Ekker títí di 1966. Síbẹ̀, ó tọ́ kí a sọ ọ́.

Àdéhùn tó fòfin de gbogbo ìdánwò ti wà láti 1996, Nàìjíríà sì ti fòǹtẹ̀ lù ú ní 2001. Ó ní ẹ̀rọ káàkiri ayé tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, tó ń tẹ́tí sí inú òkun, tó sì ń yẹ eruku afẹ́fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò fòǹtẹ̀ lù ú, Rọ́ṣíà sì fa òǹtẹ̀ tirẹ̀ padà ní 2023. Láìsí àwọn méjèèjì, kò lè di òfin. Àwọn aṣojú wa jókòó nínú àpérò kan náà pẹ̀lú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ ní gbangba.