Àtúnṣe sí ìtàn igi òrùlé New College, Oxford
Nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìjẹun New College, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Oxford ní England, ni wọ́n ti gbin igi óákù tí wọn yóò fi pààrọ̀ igi òrùlé rẹ̀ tó bá jẹrà. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù William ti Wykeham dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1379, gbọ̀ngàn náà sì ti wà kí ọ̀rúndún kẹrìnlá tó parí. Igi tí wọ́n lò nígbà tí ayàwòrán ilé George Gilbert Scott tún òrùlé náà ṣe lẹ́yìn 1860 wá láti igbó Akeley àti Great Horwood, ní Buckinghamshire, bẹ́ẹ̀ 1441 ni àwọn igbó wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ta ni yóò gbin igi pamọ́ sóko olóko? Ohun tí àwọn olùtọ́jú igbó ń ṣe ni pé wọ́n máa ń gé àwọn igi kéékèèké bíi áàṣì ní nǹkan bí 20 ọdún síra, kí kùkùté wọn lè tún hù, tí wọ́n á sì dá óákù sí láàárín wọn fún ohun tó lé ní 150 ọdún, kí ó lè di ìtì ńlá fún iṣẹ́ ilé èyíkéyìí tó bá yọjú. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló yẹ ní yíyìn ju àlọ́ náà lọ.