Bí ẹ ṣe lè rí ibojì àwọn ẹni ńlá ní Arlington

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn yín ka orúkọ àwọn ẹni ńlá tí wọ́n sin sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Arlington, Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò sọ bí ènìyàn ṣe lè rí wọn. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ mú nọ́ńbà ìpín, ìyẹn apá itẹ́ òkú tí ibojì wà, àti ti ibojì fúnra rẹ̀ dání. Ìpín 45 ni John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, wà. Joe Louis abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò wà ní 7A, Lee Marvin òṣèré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Barrow ni orúkọ ìdílé Joe Louis, nítorí náà ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a.

Mábù funfun ni òkúta tí ìjọba ń pèsè: gígùn ínṣì 42, fífẹ̀ 13, nínípọn 4. Ilẹ̀ ló gbé apá kan gígùn yẹn mì. Bí kò bá wọlẹ̀ tó, á dagun. Wọ́n máa ń fi wúrà sí lẹ́tà òkúta ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ akin tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Audie Murphy, ọmọ ogun tó di òṣèré, gbà á, ó sì ní kí wọ́n má fi wúrà sí tòun. Ìyẹn wú mi lórí gidi.

Bí ẹ bá ní òkúta ibojì mábù nílé, omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ ọ́. Ẹ má fi ògùn ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun kàn án rárá: iyọ̀ inú rẹ̀ ń wọnú òkúta lọ, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ rántí tiwa náà. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, gba Military Cross, àmì ẹ̀yẹ akin ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kóńgò. Wọ́n pa á pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, ní oṣù Keje 1966. Adó-Èkìtì ni wọ́n sin ín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìròyìn tirẹ̀ náà.