Ọ̀pá olówó gọbọi kọ́ ló ń ju okùn jìnnà lójú òkun

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí ni àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdẹ oníyẹ̀ẹ́ pẹja létí òkun Ìlàjẹ sábà máa ń gbé lé ọ̀pá ìpẹja lórí. Wọ́n á ní ọ̀pá tó wọ́n jù, tó sì le gbagidi, nìkan ló lè ju okùn jìnnà nínú afẹ́fẹ́ òkun, àti pé ẹni tí apá rẹ̀ kò bá lágbára kó má wulẹ̀ dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ ṣe máa ń fi ọdún kan tọ́jú owó ọ̀pá, tí á wá fi ṣẹ́ńjì tó kù ra okùn tó bá ṣáà ti rí. Lọ́jọ́ tó bá dé Ìgbókòdá, okùn á máa já lulẹ̀ níwájú rẹ̀ bíi mọ́ín-mọ́ín tó tú, èjìká á sì máa dùn ún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, òjé tó wà lẹ́nu okùn ló ń fa okùn lọ: òjé á fò, okùn á tẹ̀ lé e. Ìdẹ oníyẹ̀ẹ́ kò ní òjé. Ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹran àti òwú tí wọ́n wé mọ́ ìwọ̀ kan ni, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo. Ó nípọn, wọ́n fi ọ̀rá bò ó lára, ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ ọ̀pá, tí ọ̀pá bá wá nà padà, á rán okùn lọ. Okùn ni ẹ ń jù. Ọ̀pá tí okùn rẹ̀ kò bá wúwo tó láti tẹ̀ ẹ́, wúrà ì báà wà lára rẹ̀, kò yàtọ̀ sí igi tí wọ́n fi ń ká ọsàn.

Ìdí nìyí tí mímì tí àwọn èèyàn máa ń mi ọ̀pá nínú ṣọ́ọ̀bù kò fi sọ ohunkóhun fún wọn. Kò sí okùn lára rẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá, lókè ibi ìmúdání díẹ̀, ló ń sọ irú okùn tó bá a mu. Fún omi iyọ̀, nọ́ńbà 8 ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ìyẹn bíi mítà 2.74, kó sì jẹ́ èyí tó pín sí ọ̀nà mẹ́rin kó lè rọrùn láti gbé wọ mọ́tò. Nọ́ńbà 10 sí 12 wà fún ẹja ńláńlá, wọ́n sì tètè máa ń rẹ apá. Okùn nọ́ńbà 8, tí a bá gbé ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, 210 grains ló yẹ kó wọ̀n, bíi gíráàmù 13.6. Ti nọ́ńbà 9 jẹ́ 240 grains. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí okùn dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń kọ 8 sí i nígbà tí ìwúwo rẹ̀ ti sún mọ́ ti 9. Ìyẹn kò burú fún ọ̀pá tó le: tí ọ̀pá nọ́ńbà 8 yín bá ṣòro láti tẹ̀ nígbà tí okùn díẹ̀ ló wà níta, okùn nọ́ńbà 9 á mú kó jí.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Okùn tí wọ́n ṣe fún ìlú olótùútù máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nínú oòrùn tiwa, á máa lẹ̀ mọ́ òrùka ọ̀pá, kò ní í yọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kọ “tropical” sí lára ni kí ẹ béèrè. Tí owó kò bá tó, ẹ dín ti ọ̀pá kù, ẹ má ṣe dín ti okùn.

Kí ni owó gọbọi wá ń rà nígbà náà? Ọ̀pá tó fúyẹ́ díẹ̀ sí i, tó tètè ń nà padà, tí ilé iṣẹ́ sì lè tún ṣe tó bá kán. Ohun gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó le, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ẹni tó ti mọ okùn jù dé mítà 25 ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tó ń tẹ̀ dé àárín ló yẹ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ á gbọ́ ìgbà tí okùn bá fà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, etí òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ibi iyanrìn funfun tí omi rẹ̀ mọ́ lóló. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ sì máa ń ṣókùnkùn. Ẹja kì í rí ìdẹ láti òkèèrè nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Mítà 12 sí 15 tó, tó bá ti balẹ̀ síbi tó yẹ.

Tí ẹ bá ń wo ọ̀pá tí kò wọ́n, àwọn ibi tí iyọ̀ máa ń bà jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ibi tí rílì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, ń jókòó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kì í ṣe igi, torí igi máa ń wú. Kí òrùka méjì wà tó ń tì í pa. Ẹ fa òwú gba inú òrùka ńlá tó sún mọ́ ìmúdání. Tí òwú bá kọ́, òrùka náà ti sán, á sì máa gé okùn. Kí ìdí ọ̀pá ní ọ̀rùn kékeré tí ẹ lè fi ti ikùn nígbà tí ẹja bá ń jà. Ẹ fi àbẹ́là pa ibi tí apá kan ti ń wọnú èkejì, kó má baà fò yọ nígbà tí ẹ bá ń jù ú, kó má sì há.

Ti agbára apá ńkọ́? Joan Wulff, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti ṣe olùkọ́ ijó, borí nínú ìdíje jíju okùn ìpẹja jìnnà ní 1951, ọkùnrin sì ni gbogbo àwọn tó bá a díje. Ní 1960, ó ju okùn dé ẹsẹ̀ bàtà 161, ìyẹn mítà 49. Ẹ wo apẹja Ìlàjẹ tó ń ju àwọ̀n láti inú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú: ìbàdí ló ń yí, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni tibí.

Ẹ di ọ̀pá mú bí ẹni mú òròmọdìyẹ dání, kí àtàǹpàkò wà lókè. Ẹni tó bá fún un pa ni ìgúnpá máa ń dùn kó tó di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó má gòkè dé èjìká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí ọ̀pá nísàlẹ̀, kí okùn nà tọ́ọ́rọ́, torí okùn tó dẹ̀ ń jẹ ìdajì ìrìn ọwọ́ yín dànù. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi kúrò lójú omi, kí ẹ wá yára, kí ẹ sì dúró gbọnin nígbà tí àtàǹpàkò bá dé ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìdúró yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí bí a ṣe ń gbọn omi nù lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ: omi kì í fò lọ títí ọwọ́ á fi dúró lójijì. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró dè é. Ẹ yíjú wẹ̀yìn, kí ẹ wò ó títí okùn á fi nà tán lẹ́yìn yín. Bí okùn tó wà níta bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ ṣe máa dúró pẹ́ tó. Kí ẹ wá mú un bọ̀ síwájú, kí ó máa yára sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún dúró gbọnin.

Tí ẹ bá gbọ́ “pà!” lẹ́yìn bíi ti pàṣán, ẹ kò dúró dè é tó, ìdẹ sì lè ti já lọ. Tí okùn bá ń kan ilẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pá ti lọ sẹ́yìn jù. Tí kókó kéékèèké bá ń ta lórí okùn ọ̀rá tín-ín-rín iwájú, èyí tó so okùn ńlá mọ́ ìdẹ, ẹ ti já agbára lé e lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀rẹ̀. Kókó bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí okùn já tí ẹja bá fà, nítorí náà ẹ gé e sọnù. Tí ó bá ṣe pé kútà lẹ ń wá, ẹ so wáyà díẹ̀ mọ́ iwájú ìwọ̀, eyín rẹ̀ kì í ṣeré.

Orí koríko pápá ní Àkúrẹ́ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, pẹ̀lú òwú pupa dípò ìwọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Kọnkéré àti ọ̀dà máa ń họ okùn. Ẹ jìnnà sí wáyà iná, ẹ sì ká ọ̀pá nílẹ̀ tí ààrá bá ti ń sán: kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, iná mànàmáná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Létí òkun, ẹ dé fìlà, ẹ wọ gíláàsì. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti apá ọwọ́ tí ẹ fi ń jù, á máa gbé ìwọ̀ kọlù yín. Ẹ kẹ̀yìn sí ibi tí ẹ fẹ́ jù sí, kí ẹ fi ìjù ẹ̀yìn gbé ìdẹ lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá délé, ẹ tú àwọn apá ọ̀pá, ẹ fi omi kànga àti kànrìnkàn ṣàn wọ́n, pàápàá àwọn òrùka. Ẹ rọra da omi sí rílì, ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ́n ọn, á ti iyọ̀ wọnú. Okùn náà fẹ́ omi tútù. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ síbi òjìji títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tó dá a padà sínú àpò rẹ̀.