Kì í ṣe gbogbo ariwo sítíárìn ni "rákì ti lọ" o

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí torí owó àwọn èèyàn ń ṣòfò sí i gan-an. Tí mọ́tò bá ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nídìí sítíárìn báyìí, pàápàá lójú ọ̀nà tó ti bàjẹ́ tàbí téèyàn bá ń yíwọ́ láti páàkì, ohun kan náà ni gbogbo ayé máa sọ, "rákì ti lọ nìyẹn," ìyẹn irin tó wà nísàlẹ̀ tó ń yí táyà iwájú tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn. Ẹni tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn máa sọ ọ́, mẹkáníìkì náà máa sọ ọ́ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pàápàá, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti ní kẹ́ ẹ mówó wá ká lọ ra tókùnbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Géètì n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà rákì yẹn ò ṣe nǹkan kan.

Sítíárìn tẹ́ ẹ dì mú yẹn ò kan rákì tààrà. Irin kan wà nídìí ẹ̀ tó gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wá, ìyẹn kọ́ọ̀lọ́mù, ibi tí ìyẹn parí sí ni irin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní intermediate shaft ti gbà á, òun ló wá gba ihò tó wà níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà jáde lọ bá rákì. Irin kúkúrú yìí ní oríkèé méjì, irú cross tó máa ń wà lára propeller, irin gígùn abẹ́ mọ́tò tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ni àmọ́ ó kéré, ó sì tún ní eyín wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń wọnú ara ẹ̀, bóòtù kan ló sì fún un mọ́ rákì nísàlẹ̀. Bí eyín yẹn bá jẹ, tàbí oríkèé kan gbẹ, tàbí bóòtù yẹn tú díẹ̀, ariwo dé nìyẹn. Torí pé irin sí irin ni gbogbo ẹ̀, kò síbi tó ti dún tí ọwọ́ yín ò ní gbọ́ ọ lórí sítíárìn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé etí nìkan ò tó láti fi dájọ́.

Àwọn tó ṣe mọ́tò náà mọ̀ pé irin yẹn máa ń ṣe wàhálà. Lóṣù November 2012, Toyota pe mọ́tò bíi mílíọ̀nù 2.77 padà káàkiri ayé, irin tó so sítíárìn yìí wà lára ìdí ẹ̀, Prius 2004 sí 2009 sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní irin ọ̀hún ò le tó, téèyàn bá ń fi agbára yí sítíárìn dé òpin léraléra nígbà tí mọ́tò ń rọra rìn, eyín ẹ̀ lè jẹ. Ẹ wo bá a ṣe ń páàkì nínú àwọn kọ̀rọ̀ wa, ẹ wá rò ó.

Ti Hyundai Elantra 2011 sókè tún yàtọ̀. Kò lo òróró sítíárìn rárá, ẹ́ńjìnnì kékeré oníná kan ló ń ràn án lọ́wọ́, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ ló sì wà, rọ́bà kékeré kan tó ní eyín ló so ó mọ́ kọ́ọ̀lọ́mù. Rọ́bà yẹn ló máa ń jẹ, tẹ́ ẹ bá mi sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì á máa dún kẹ̀-kẹ̀. Rọ́bà tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ! Èèyàn á sì lọ pààrọ̀ rákì odindi torí ẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé ṣebí wọ́n pààrọ̀ rákì ẹnì kan tí ariwo sì lọ? Ibi tí wọ́n ti ń rí wa mú gan-an nìyẹn. Kò sí bí wọ́n ṣe máa yọ rákì tí wọn ò ní tú bóòtù tó fún irin kúkúrú yẹn, tí wọ́n bá sì ń dá a padà wọ́n á fún un dáadáa, eyín yẹn náà lè wá jókòó síbi tí ò tíì jẹ. Ariwo dákẹ́, rákì gba ìyìn, tó bá yá ariwo tún padà, wọ́n á ní tókùnbọ̀ yẹn ni ò dáa.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí sítíárìn má baà lọ́ọ̀kì, ẹ má stáàtì mọ́tò. Kí ẹnì kan máa mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀ ni o, kí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà kó fọwọ́ di oríkèé yẹn mú. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń dún, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Tí ọwọ́ ò bá mọ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wá lọ di tie rod, irin tó so rákì mọ́ táyà, mú nísàlẹ̀, ẹ wò ó bóyá òróró ń jò níbi rọ́bà rákì, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, rákì ni lóòótọ́. Tó bá ń dún bíi sípíríǹgì tẹ́ ẹ bá yíwọ́ lórí ìdúró, ẹ wo shock mounting, ìyẹn ibi tí orí shock jókòó sí lókè. Tó bá ń dún bíi pé wọ́n ń fa bébà nínú sítíárìn, tí họ́ọ̀nù ò sì fẹ́ dún mọ́, clock spring ni, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tó ká sábẹ́ sítíárìn tó ń gbé iná lọ síbi họ́ọ̀nù àti airbag.

Tó bá wá jẹ́ irin kúkúrú yẹn, bóòtù tó tú ẹ fún un, oríkèé tó jẹ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, gíríìsì kàn máa tàn yín fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú orí bátìrì kẹ́ ẹ sì dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ibẹ̀, torí airbag. Kí táyà kọjú síwájú gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì so sítíárìn kó má yí, torí tó bá ń yí nígbà tí irin ti kúrò, á fa clock spring já. Ẹ fi máàkì sára eyín kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tí sítíárìn bá wá wọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ dá a padà, eyín ló yẹ̀, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un wọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n fi alignment bo ìyẹn mọ́lẹ̀.