Àwọn aṣòfin Èkó jẹ wá ní àlàyé

Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ó ní ìjókòó ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, níbi tí àwọn aṣòfin ti yọ Ọnọ́rébù Mudashiru Ọbasa nípò Abẹnugan, kò bá òfin mu. Kí ìdájọ́ yìí tó jáde ni Ọnọ́rébù Ọbasa ti padà sórí àga, láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, tí Ọnọ́rébù Mojísọ́lá Meranda fi ipò náà sílẹ̀ tó sì padà di igbákejì. Ní báyìí, ohun tí àwọn èèkàn ẹgbẹ́ APC ń fẹ́ ni kí gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí kálukú gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní tiwa, kò tíì parí. Bí ó ṣe yẹ kí ilé aṣòfin jókòó kí ó tó lè yọ olórí rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ṣàlàyé. Ìyẹn ṣe pàtàkì, a sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlànà ìjókòó ni àwọn aṣòfin náà sọ fún wa lóṣù Kìíní pé ó ń bí àwọn nínú. Owó ni wọ́n sọ. Àwọn fúnra wọn ló ka ẹ̀sùn sí ọ̀gá wọn lẹ́sẹ̀, pé ó ń ṣe owó Ilé báṣubàṣu, pé ó ń fi ọwọ́ líle darí wọn. Èyí tó gba ìgboro kan nínú rẹ̀ ni ti géètì ọgbà Ilé Ìgbìmọ̀ ní Aláùsá, tí wọ́n ní bílíọ̀nù 17 náírà ló bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọbasa sẹ́ kanlẹ̀, ó ní irọ́ gbuu ni, àti pé wọn kò gba ọ̀nà tó tọ́ yọ òun. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì rí ilé ẹjọ́ kankan tó dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn ọjọ́ 49, àwọn aṣòfin kan náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà, tún dìbò fún un. A kò gbọ́ pé ìwádìí wáyé láàárín ìgbà náà. A kò rí ìwé ìṣirò owó kankan lórí tábìlì. Kí ló wá yí padà?

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí wọ́n dáhùn nìyẹn, kò sì le. Bí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọkùnrin yìí bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi tún kó àpò owó Ilé lé e lọ́wọ́? Bó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ní orílẹ̀-èdè yìí láti wí tẹnu rẹ̀? Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú nínú méjèèjì, ẹnì kan wà tó yẹ kó bẹ ará Èkó. Ẹnu wọn wọ́hò.

Géètì kì í ṣe ohun àìrí. Ó dúró síbẹ̀, a lè fi ọwọ́ kàn án, a lè wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé àdéhùn wà, iye tí wọ́n san wà, ọjọ́ tí wọ́n san án wà, orúkọ ẹni tó gbà á sì wà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni fún akọ̀wé tó bá fẹ́ kó ìwé wọ̀nyí síta. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọbasa bá mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ pé ohun tí a ti ń wí bọ̀ nìyí: kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ilé máa yẹ ìwé owó Ilé wò, kí àbọ̀ rẹ̀ sì jáde síta. Ní 2020, nígbà tí irú ẹ̀sùn báyìí jáde, Ilé gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láàárín ara rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ní Abẹnugan kò jẹ̀bi. A sọ nígbà náà pé ẹni tí ń jẹun lórí tábìlì ọ̀gá kò lè ṣe ìdájọ́ ọ̀gá. Wọn kò gbọ́. Ọdún márùn-ún kọjá, a tún bára wa ní ojúkò kan náà.

Òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ní àlàfo níbí. Abala 125 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ayẹ̀wéowówò àgbà ìpínlẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ fún ilé aṣòfin, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú níbẹ̀ sì gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tó bá jẹ́ owó iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlera, ó dára. Nígbà tó bá wá jẹ́ owó ilé aṣòfin gan-an ńkọ́? Iwájú wọn náà ló ń padà sí. Àtúnṣe òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 sì ní kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kó má baà jẹ́ pé gómìnà ni wọn yóò máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. A gbè sẹ́yìn àtúnṣe yẹn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2021 nítorí rẹ̀, a wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n a kò jà kí owó lè bọ́ lọ́wọ́ gómìnà kí ó sì bọ́ sínú òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ tún wà ńlẹ̀. Gbogbo Èkó ló ń wòran bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ GAC, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC ní Èkó, títí dé Abuja, títí wọ́n fi tú ohun tí àwọn aṣòfin ti ṣe. Kò burú kí àgbà dá sí ìjà. Ṣùgbọ́n abala 92 ti sọ ẹni tó lè yọ Abẹnugan: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, èyí tó jẹ́ 27 nínú 40 ní Èkó. Kò sí ibi tí ó ti dárúkọ GAC. Abala 96 sì ní ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí Ilé tó lè jókòó, ìyẹn 14. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, a rí Ọ̀gbẹ́ni Ọbasa tó wọ ọgbà náà pẹ̀lú àwọn agbófinró, tó sì darí ìjókòó pẹ̀lú ìwọ̀nba aṣòfin tí iye wọn jìnnà sí 14. Ẹni tó ní wọn kò tẹ̀lé òfin kí wọ́n tó yọ òun kò yẹ kó gba irú ọ̀nà yẹn padà.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á tí ẹ̀rù àwọn àgbà fi ń ba àwọn aṣòfin ju ẹ̀rù àwa olùdìbò lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ibi tí APC ti lágbára bíi ti Èkó, ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Òfin ìdìbò 2022, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, fàyè gba kí délígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ẹgbẹ́, yan olùdíje, ó sì fàyè gba kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan, bí àwọn olùdíje yòókù bá fi ọwọ́ ara wọn kọ̀wé pé àwọn gbà. Aṣòfin wo tó ń fojú sọ́nà fún 2027 ló fẹ́ lòdì sí àwọn àgbà tó lè ní kó kọ ìwé yẹn? Nítorí náà ni wọ́n fi pa ẹnu pọ̀ lóṣù Kìíní, tí wọ́n sì tún pa ẹnu pọ̀ lóṣù Kẹta.

A kò bá ará Agége jà. Àwọn ló fi Ọ̀gbẹ́ni Ọbasa ṣe kánsẹ́lọ̀ ní 1999, àwọn ló ń fi ìbò rán an lọ sí Aláùsá láti 2007, ìgbà márùn-ún léra wọn, ó sì tọ́ sí wọn. Àga Abẹnugan ni kì í ṣe ti Agége nìkan. Láti òpin 2005 tí Adéyẹmí Ìkúforíjì ti gorí rẹ̀ títí di oṣù Kìíní ọdún 2025, ènìyàn méjì péré ló jókòó níbẹ̀, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Ọbasa tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2015. Gómìnà kì í ju ọdún mẹ́jọ lọ. A rò pé ó yẹ kí ìlànà Ilé fi irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ sí ipò Abẹnugan. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì tíì débẹ̀, ọjọ́ 49 náà ló lò, wọn kò sì sọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi ní kó dìde.

Kí Ilé kó ìwé géètì náà síta. Kí ó gba ayẹ̀wéowówò láti ìta, ẹni tí kì í ṣe òun ló yàn án, láti wo ìṣirò owó rẹ̀ láti 2015. Kí ó tẹ orúkọ ẹni tó dìbò àti ohun tó dìbò fún jáde, ní ìgbà méjèèjì. Kí àwọn 40 yìí tó padà wá sí ẹkùn wọn láti tọrọ ìbò ní 2027, kí wọ́n kọ́kọ́ dá wa lóhùn: ohun tí ẹ ṣe ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní àti èyí tí ẹ ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, èwo nínú méjèèjì ni ẹ ṣe nítorí wa?